Oògùn Àǹtí Waliyat, Ọ̀gá Pénítà

Kò sí pénítà tó lágídí tó ọ̀gá wa, Àǹtí Waliyat, ní gbogbo Ajah. Kùn ọ̀dà kejì kí àkọ́kọ́ tó gbẹ, wàá gbọ́ igbe: "Jẹ́ kó gbẹ!"

Ló bá di pé ó ń rẹ̀ wọ́n. Dókítà ní tàírọ́ìdì wọn, ohun kékeré kan lọ́rùn, ń ṣọ̀lẹ, ẹ̀jẹ̀ àti fítámì ò sì tó lára wọn; ó fún wọn ní oògùn ọrùn àti ti ẹ̀jẹ̀. Àǹtí ń kó gbogbo oògùn sẹ́nu pọ̀ láàárọ̀, wọ́n á fi omi ugu àti mílíìkì tì í lọ́fun, pé kẹ́jẹ̀ tètè dé. Ẹ̀jẹ̀ wo? Orí àkàbà ni wọ́n ti ń tòògbé!

Nígbà tá a padà sọ́sibítù, nọ́ọ̀sì ní: "Mà, ẹ fi omi lásán lo oògùn ọrùn. Ẹ dúró wákàtí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó lo ti ẹ̀jẹ̀ tàbí mu mílíìkì, kí wọ́n má baà dínà fún oògùn ọrùn."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àǹtí. "Ha! Ọ̀dà kejì ni mo ń kùn lé àkọ́kọ́ tó ṣì tutù nínú ikùn mi!"

Wọ́n ti ń sáré gun àkàbà báyìí. Àmọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ kan oògùn ẹ̀jẹ̀ kí àsìkò tó tó, gbogbo wa á pariwo: "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó gbẹ!"