Bí A Ṣe Gbé Ìyá Mi Sọ̀ Kalẹ̀ Láti Orí Òkè

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi lónìí, tó fi ojú tí mo fi ń kọ̀wé sílẹ̀ fún mi, tó sì fún mi ní ọkàn tó ṣì lè dùn, tó ṣì lè bàjẹ́. Mo dúpẹ́ nítorí ìyá tó bí mi. Mo dúpẹ́ nítorí àwọn arábìnrin ìjọ tó kọ́ mi ní ìwé títí èmi náà fi di olùkọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ló yẹ kó ṣáájú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí òkè ni gbogbo ayé mi wà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ Atakpamé, ìlú wa ní Tógò, lónìí, títì ọ̀dà àti ọjà ni ẹ mọ̀. Ẹ gbé ojú sókè díẹ̀, ẹ ó rí àdúgbò wa tó lẹ̀ mọ́ ara òkè bí ilé agbọ́n. Wọ́n ní ogun ni àwọn baba ńlá wa sá fún tí wọ́n fi gun ibẹ̀, nígbà tí ogun sì parí, kò wù wọ́n láti sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn míràn dé, àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí tí baba wọn ti ìhà ìlà-oòrùn wá, tí èdè wọn àti èdè wa jọra bí ọmọ ìyá tí kò gbé ilé kan náà. A kì í bi ara wa léèrè ibi tí a ti ń kírun tàbí ibi tí a ti ń gba ara Olúwa. Ibi tí a ti ń pọn omi la máa ń bi ara wa.

Bí ilé ṣe wà níbẹ̀, ojúde ẹni òkè ló bá òrùlé ẹni ìsàlẹ̀ mu. Bí ìyá mi bá da omi nù láìwòye, a óò gbọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀:

“Ìwọ tó wà lókè yẹn, omi rẹ ti wọ ọbẹ̀ mi o!”

Ìyá mi á dáhùn pé, “Mo rí i pé ọbẹ̀ náà kò ní í kárí yín ni.”

Wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni ìsàlẹ̀ yóò ti fi àwo ọbẹ̀ náà ránṣẹ́ sókè.

Kò sí mọ́tò tó lè gun òkè náà, kò sì sí alùpùpù tó lè gùn ún. Òkúta ni gbogbo ọ̀nà rẹ̀, àwọn ibì kan sì dà bí àkàbà. Nítorí náà, bí àìsàn bá dá ènìyàn dúbúlẹ̀, àga la fi ń gbé e lọ sí ọsibítù. Káfíńtà kan, baba arúgbó Mùsùlùmí tó ń gbé nítòsí wa, ló kan àga náà, ó sì so ó mọ́ igi gbọọrọ méjì. Ilé rẹ̀ ni àga náà ń gbé. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan á dúró lójúde, á kígbe pé, “Èjìká o! Èjìká o!” Ọkùnrin tó bá gbọ́ ọ, bó ń jẹun, á fi oúnjẹ sílẹ̀. Bó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, á fi ìjà sílẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyá alákàrà. Obìnrin náà sanra dáadáa, ibà sì ti dá a wó. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, “Ìyá, ṣé ìwọ àti agbada àkàrà rẹ la jọ ń gbé ni?”

Nínú ibà náà ló ti fèsì pé, “Gbé mi dáadáa, ọmọ yìí. Bí mo bá jábọ́, ẹ̀kọ lásán lo máa máa mu láàárọ̀.”

Ọjọ́ yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé òkè ni wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí nínú àga náà. Ilé rẹ̀ ló ń wò bí wọ́n ti ń gbé e jìnnà sí i. Mo bi baba káfíńtà léèrè ìdí rẹ̀.

Ó ní, “Òkú nìkan ló ń kẹ̀yìn sí ilé, ọmọ mi. Ẹni tó máa padà wá gbọ́dọ̀ máa wo ibi tó máa padà sí.”

Ìyá alákàrà padà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òórùn epo rẹ̀ tún gba àdúgbò kan. Ṣùgbọ́n mo dàgbà, mo kàwé, mo sì kó ọ̀rọ̀ baba náà mọ́ gbogbo àṣà tí mo rò pé onígbàgbọ́ kò nílò mọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan lọ sí Lomé, àwọn kan kọ́lé sí Agbonou níbi tí alùpùpù ti ń dé ẹnu ọ̀nà. Èmi náà lọ. Mo kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Datcha títí mo fi fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn náà mo kọ́ ilé kékeré sí Agbonou. Mo bẹ ìyá mi kó wá bá mi gbé. Ó ní, “Tísà”, bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́, “ilẹ̀ yín tẹ́jú jù. Ènìyàn kò lè rí ẹni tó ń bọ̀.”

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí lórí fóònù pé ìyá mi kò lè dìde. Mo sáré gun òkè. Mo dúró lójúde wa, mo kígbe, “Èjìká o!” títí ohùn mi fi há. Obìnrin arúgbó mẹ́ta àti ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn ló jáde. Baba káfíńtà ti kú tipẹ́, ikán sì ti jẹ àga rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú títì, mo bẹ alálùpùpù mẹ́rin tó ń dúró de èrò. Ọmọlúàbí ni wọ́n, Ọlọ́run á bù kún wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ òkè. Wọ́n so àga rọ́bà mọ́ igi méjì, wọ́n gbé ìyá mi sí i, wọ́n sì kọ ojú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, síbi tí a ń lọ.

Ìyá mi ní, “Tísà, ní kí wọ́n yí mi padà. Ilé mi ni mo fẹ́ máa wò.”

Mo ní, “Màmá, a ń kánjú. Onígbàgbọ́ ni wá. Ibikíbi tí a bá kọjú sí, Ọlọ́run wà níbẹ̀.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ní, “Ìyá àgbà, a lè gbé yín kalẹ̀ ká yí yín o. Kò ní í pẹ́.”

Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ.

 Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá mi di ojú, ó di ọwọ́ méjèèjì. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà, mo sì bá a ṣe Àmín. Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní láti rọra tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn àga ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Kí ni màmá yìí dì mú tó báyìí?” 

Ọjọ́ méjì ló lò. Kò bá mi wí rárá. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì: “Tísà, ṣé ẹ ti ilẹ̀kùn mi? Mi ò rí i bí a ṣe ń lọ.”

Mo ní a ti tì í. Irọ́ ni mo pa fún un. Mi ò rántí ilẹ̀kùn rárá. Nígbà tí mo padà sókè lẹ́yìn tó ti kú, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó mẹ́ta náà ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti ọjọ́ náà, tó ń lé ewúrẹ́.

Mo ti jẹ́wọ́ irọ́ yẹn fún àlùfáà, ó sì ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, àga tí mi ò jẹ́ kí wọ́n yí, kò tíì lọ lọ́kàn mi. Lónìí, orúnkún ti ń dà mí láàmú, bí mo bá sì lọ wo ilé náà, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀, mo kọjú sí òkè, mo ń di òkúta mú. Bí mo bá kọjú sí ìsàlẹ̀, ńṣe ni ara mi ń tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ẹni tó bá kọjú sí òkè nínú àga, á fẹ̀yìn ti àga náà. Ẹni tó bá kọjú sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló máa dì í mú. Baba káfíńtà kò ṣàlàyé èyí fún mi, bóyá òun náà kò mọ̀ ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un. Àdúrà kọ́ ni ìyá mi ń gbà. Ẹ̀rù ń bà á ni, mo sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sì ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló burú. Omi ẹ̀rọ dára ju orísun ìsàlẹ̀ òkè lọ. Alùpùpù tó ń dé ẹnu ọ̀nà ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́fà péré ló ṣì ń yọ èéfín ní àdúgbò wa báyìí. Kò sí ẹni tó ń pariwo mọ́ pé omi wọ ọbẹ̀ òun, nítorí kò sí ẹni ìsàlẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run pa àwọn òbí rẹ mọ́ fún ọ. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀ ọ́ ní ohun kékeré tí kò yé ọ, kí Ó fún ọ ní àyè ìṣẹ́jú kan láti ṣe é. Kí èjìká má ṣe wọ́n ọ ní ọjọ́ tí ìwọ náà kò bá lè dìde. Àmín.