Madam Nọ́ńbà àti Kọ̀ǹpútà Tó Yadi

Madam Nọ́ńbà ni mo ń pe ìyàwó mi, òun náà sì mọ̀ pé kì í ṣe èébú. Kò sí nǹkan nínú ilé wa tí kì í fi nọ́ńbà sí. Bí mo bá dín ìbàdí bébà tí mo fi ń gé ṣòkòtò kù díẹ̀, kí n tó mọ̀, ó ti kọ "ẹ̀dà kejì" sí i lára. Télọ̀ ni mí. Yàrá iwájú la jọ ń lò, ẹ̀rọ ìránṣọ mi lápá kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lápá kejì.

Sọ́fítíwià kékeré kan tó kọ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á, kó sì ṣí inú rẹ̀ wò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi ibi tí gbólóhùn parí sí han kọ̀ǹpútà lọ, àmọ́ àwọn sọ́fítíwià ńlá gbára lé e, títí kan èyí tó ń ka ìwé sókè fún àwọn afọ́jú. Gbogbo ìgbà tó bá tún un ṣe ló ń fún un ní nọ́ńbà mẹ́ta. Bí ti ìparí bá yí, àtúnṣe lásán ni. Bí ti àárín bá yí, nǹkan tuntun ti wọ inú rẹ̀. Bí ti iwájú bá yí, kí ẹni tó gbára lé e ṣọ́ra, torí ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó pa àṣẹ kan rẹ́ nínú rẹ̀, èyí tó ti kọ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, tó sì ń tì í lójú. Nọ́ńbà iwájú ló yẹ kó yí. Mo bi í léèrè.

"Ta ló tún ń lo ìyẹn?" ló fi dá mi lóhùn. "Tí mo bá yí ti iwájú, ìbéèrè ni wọ́n á fi pa mí."

Ó yí ti ìparí, ó kọ lẹ́tà ṣókí sí àwọn tó ń lò ó, ó bá lọ wẹ̀. Mo mọ̀ pé kò tọ́, àmọ́ kí ni télọ̀ fẹ́ sọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù rẹ̀ dún. Tíṣà ni, afọ́jú tó ń kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú ní ìlú mìíràn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú àárọ̀ o. Kọ̀ǹpútà mi yadi. Ó gba ẹ̀dà tuntun yín, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá, òun ló sì máa ka ìbéèrè fún àwọn ọmọ mẹ́rìnlá."

Aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ojú ìyàwó mi yí padà. Àṣẹ tó pa rẹ́ gan-an ni sọ́fítíwià ìkàwé Tíṣà ń lò, nígbà tó sì jẹ́ pé nọ́ńbà ìparí nìkan ló yí, ó ti gbà á wọlé láìbéèrè.

"Sà, ṣé kò sẹ́ni tó lè bá yín wo ojú kọ̀ǹpútà náà?"

"Àwọn tó ríran nínú ọgbà yìí báyìí ni ẹ̀ṣọ́ àti ológbò. Kò sí èyí tó mọ̀wé kà nínú wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi wò mí títí mo fi dákẹ́. Mo dá ẹ̀rọ mi dúró kó lè gbọ́ràn dáadáa.

"Ẹ̀dà àtijọ́ la máa dá padà, Tíṣà. Ṣé ẹ lè dé ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ?"

"Ìka mi mọ̀nà."

"Ẹ kọ àṣẹ tí ẹ fi máa ń gbé e wọlé, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àmì dọ́gba méjì. Ọ̀kan, dọ́ọ̀tì, mẹ́rin, dọ́ọ̀tì, méjì."

A gbọ́ bí bọ́tìnnì ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìṣẹ́jú méjì kọjá, ìyàwó mi di etí tábìlì mú.

"Tíṣà, ṣé ó ti ń wọlé?"

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè. Ẹ ò tíì ní kí n tẹ Ẹ́ńtà."

"Ẹ tẹ Ẹ́ńtà, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó pa sọ́fítíwià ìkàwé náà, ó tún un ṣí. Ohùn gbígbẹ kan jáde láti inú fóònù, ó ń ka ohun tó bá lójú kọ̀ǹpútà:

"Àtúnṣe kékeré ni. Ẹ gbà á láìbẹ̀rù. Kò sí ohun tó máa bàjẹ́."

Lẹ́tà ìyàwó mi ni. Ó fọwọ́ méjèèjì bojú. Ẹ̀rín ni Tíṣà bú sí ní tirẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ṣé kó tún un kà?"

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Ọ̀lẹ ló ṣe mí."

"Ó ti tán. Àwọn ọmọ ti ń wọlé."

Ìyàwó mi mú ẹ̀dà tuntun náà kúrò níta lójú ẹsẹ̀, ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí gbogbo èèyàn. Nígbà tó di ọ̀sán, Tíṣà pè pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti ṣe ìdánwò wọn tán. Inú mi dùn débi pé mo rán ìbàdí ṣòkòtò oníbàárà kan sódì.

Láti ọjọ́ náà, kí ẹ̀dà kankan tó jáde, Tíṣà nìkan ni ìyàwó mi máa ń kọ́kọ́ fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Tíṣà á pè é, èmi á dá ẹ̀rọ mi dúró, ohùn gbígbẹ yẹn á sì ka lẹ́tà náà sí wa létí. Lánàá, nígbà tó ka "kò sí ohun tó máa bàjẹ́," ìyàwó mi ní kí Tíṣà dúró ná. Ó pa gbólóhùn náà rẹ́, ó yí nọ́ńbà iwájú, ó sì jókòó, ó ń kọ àwọn ohun tó máa bàjẹ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.