Ọkọ̀ Ló Kọ, Ọkọ Ni Wọ́n Kà

Òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Ewé omi pọ̀ lójú ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Festac débi pé ẹni tó bá wò ó láti òkè lè rò pé pápá ni, kó fẹ́ bọ́ bàtà kó máa rìn lọ. Láàárọ̀, ìkùukùu a bo gbogbo rẹ̀. Ẹ ò ní í rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ óò kàn máa gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Bí mo bá dijú báyìí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì máa ń bá ara mi, ní èbúté, tí mo ń wo funfun tí kò lópin, tí inú sì ń bí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ gúrúùpù wa lónìí, tí ẹ ń rí i pé obìnrin béèrè ọ̀rọ̀ omi, tí wọ́n sì dá a lóhùn wẹ́rẹ́, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀. A jà á ni. Mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn tó ṣe é ti ń sọ pé àwọn ò ṣe é. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi gùn, ẹ foríjì mí. Ohun tó bá dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ọmọ Ojú Omi ni orúkọ gúrúùpù náà lórí Wásáàpù. Àwọn atukọ̀ tó ń kó èrò wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Mazamaza, àti àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní Raji Rasaki Estate tí wọ́n ra ọkọ̀ kékeré láti máa fi najú. Èmi náà wà níbẹ̀, torí mo ní ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tí mo máa ń tù fúnra mi lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹnikẹ́ni ò lè fojú kéré gúrúùpù yẹn. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé omi ti fà, pé iyanrìn ti yọ, pé gẹdú ńlá kan ń léfòó lọ sápá Mile 2. Ibẹ̀ sì ni ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú lójú omi ti máa ń kígbe, kí ẹni tó wà nítòsí lọ fà á wálé. Ẹni tí kò bá sí nínú rẹ̀, bí afọ́jú ló rí lójú omi.

Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá fi lè bi wọ́n nípa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, èsì tó máa kọ́kọ́ wọlé ni: “Ọkọ yín ńkọ́? Ẹ ní kó wá béèrè.” Ọkùnrin a wá béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lú àṣìkọ kan náà, wọn á ti ṣàlàyé fún un kó tó dá itọ́ mì. Bí obìnrin bá fi àwòrán ara rẹ̀ hàn níbi tó ti ń tukọ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n máa sọ, wọn ò ní í sọ ti ọkọ̀. Èrò ni wọ́n máa ń pe gbogbo wa. “Ẹ̀yin èrò, ẹ káàárọ̀ o.” Wọ́n mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń tukọ̀. Èrò náà ni wọ́n ń pè wá. Ní tèmi, nítorí pé mo ka ìwé, tí mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n tún fún mi ní orúkọ kan lọ́tọ̀: Àǹtí Yunifásítì. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn obìnrin dákẹ́. Wọn ò jáde o. Wọ́n ń kà, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn sọ́kàn, torí òun náà ni wọ́n padà wá fi dá wa lẹ́bi.

Yàtọ̀ sí èmi, Àǹtí Ṣadé nìkan ni kò dákẹ́. Atukọ̀ ni. Láràárọ̀ ló máa ń kó àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì láti Festac kọjá sí àwọn abúlé tó wà lódìkejì omi. Obìnrin gbọọrọ ni, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, bó bá ń sọ̀rọ̀ ẹ óò rò pé kò fẹ́ jí ẹnì kan tó ń sùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Gbogbo gúrúùpù ló mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ sí i pé Ọlọ́run á tù ú nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú ìkùukùu yẹn, ẹ́ńjìnnì Àǹtí Ṣadé kú. Omi ń fà, ó sì ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú èrò, lọ sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà. Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì títí, kò jí. Ló bá mú fóònù rẹ̀, ó kọ ọ́ sí Ọmọ Ojú Omi, láìfi àmì sí i, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́:

“E gba mi o. Oko mi o dahun mo. Mo fa a titi, ko ji.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé láìsí àmì, ọkọ̀ lè di ọkọ, ó tiẹ̀ lè di oko tí wọ́n ń ro. Ṣùgbọ́n gúrúùpù ọlọ́kọ̀ nìyí! Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọkùnrin kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé “Oko mi ti baje o, mo wa ni Mile 2.” Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n lọ fà á ni.

Fún Àǹtí Ṣadé, èsì tó kọ́kọ́ wọlé ni: “Haa! Ọkọ tuntun ti dé, ẹ ò pè wá síyàwó!”

Òmíràn ní: “Ẹ fún un ní àgbo jẹ̀dí.”

Òmíràn ní: “Ẹ rọra fà á o, Àǹtí, kó má lọ já.”

Bọ̀dá Kúnlé, tó ń ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lẹ́bàá Apple Junction, òun ni ádímìn. Ẹ ó rò pé ádímìn á ní kí wọ́n dákẹ́. Sítíkà bàbá arúgbó kan tó ń fẹ̀yìn yílẹ̀ nítorí ẹ̀rín ló fi ránṣẹ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ nígbà tí mo kà á. Mo pe Àǹtí Ṣadé, kò gbé e. Nígbà tí mo máa fi dé èbúté, apẹja kan tí kò tiẹ̀ ní fóònù ti bá wọn níbi tí ewé omi ti há ọkọ̀ náà mọ́, ó sì ti fi okùn fà wọ́n wálé. Wọ́n yọ jáde nínú funfun yẹn láìsí ariwo kankan, bí àwòrán tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára ìwé, àwọn olùkọ́ dì mọ́ra wọn, aṣọ wọn tutù.

Àǹtí Ṣadé jókòó sórí pákó èbúté. Ó ní: “Fóònù yẹn ò yé gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbọ̀n, olùkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní, ‘Wọ́n ti ń bọ̀?’ Èmi náà á ní, ‘Wọ́n ti ń bọ̀.’”

“Àǹtí, ẹ ka ohun tí wọ́n ń kọ?”

“Mo kà á. Ṣé kí n sọ fún èrò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

Kò sunkún. Ó ń wo omi bí ẹni tí ń wo ilé tí kò mọ̀ mọ́. Ó ní òun máa ta ọkọ̀ náà. Mo ní kó má tà á, pé a ó jà á. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìjà nìyẹn o. Kì í ṣe torí ipò. Mo fẹ́ kí obìnrin kan má kúrò lójú omi.

Mo lọ bá Bọ̀dá Kúnlé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní ohun méjì là ń béèrè: kí ẹnikẹ́ni tó bá kígbe kọ́kọ́ rí ìrànlọ́wọ́ kí ẹ̀fẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí obìnrin kan sì di ádímìn.

Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí Yunifásítì! Eré la fi í ṣe. Ṣé ẹ ò mọ eré ni?”

“Bọ̀dá, ta ló ń bá yín ṣe é?”

“Ẹ̀hẹn?”

“Eré. Eré kì í ṣe ti ẹnì kan. Ta lẹ jọ ń ṣe é?”

Ó wo ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀. Ó ní, “Kò burú. Ìjọba tiwa-n-tiwa là ń ṣe. A ó dìbò.”

Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń jí ìbò gbé nílé ìwé, mo ti rí àpótí tó gba ojú fèrèsé jáde. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irú eléyìí rí. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Bọ̀dá Kúnlé kọ̀wé pé òun fẹ́ tún gúrúùpù gbá, pé ẹnikẹ́ni tí kì í sọ̀rọ̀ máa kúrò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí yọ wá. Ìwọ̀nba obìnrin tó wà níbẹ̀, ó yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ jù, ó yọ èmi náà, ó ní mò ń da gúrúùpù rú. Ẹ rí i? Wọ́n bú wa títí a fi dákẹ́, wọ́n wá lé àwa tó dákẹ́ nítorí a dákẹ́. Ẹni tí kò dákẹ́, wọ́n lé e nítorí kò dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìbò. Ọkùnrin kan tó ṣàánú wa fi àwòrán èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ìbò lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Mo gbà. Ibi tí alátakò ò sí, kí ni yóò dà á rú?

Nọ́ọ̀sì kan ló mú ìmọ̀ràn wá. A fi gúrúùpù sílẹ̀, a lọ sí èbúté, níbi tí Bọ̀dá Kúnlé ò ti ní bọ́tìnnì tó lè fi yọ èèyàn. Àwọn obìnrin tó ń wọkọ̀ láràárọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì ìgbàlà wọn, wọ́n tò sórí pákó. Kò sí orin, kò sí pátákó. Ìkùukùu ti mú ẹsẹ̀ wa, ó ku àwọ̀ ọsàn jákẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan tó ń léfòó lójú afẹ́fẹ́ bí àtùpà. Bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́lé, obìnrin tó wà níwájú á na fóònù sí atukọ̀, á ní:

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka eléyìí sókè kí a tó wọkọ̀ yín.”

Ọ̀rọ̀ Àǹtí Ṣadé ló wà níbẹ̀.

Atukọ̀ àkọ́kọ́ kígbe: “Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ wọlé jàre, omi ti ń fà!”

“Ẹ kà á ná.”

Ó kà á. “Ẹ gbà mí o. Ọkọ̀ mi ò dáhùn mọ́...”

“Kí lẹ pè é?”

“Ọkọ̀.”

“Ẹ tún un pè.”

“Ọkọ̀ ni! Kí ló tún kù tó lè...” Òun ló kọ ọ̀rọ̀ àgbo yẹn. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, bí omi tí atẹ́gùn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe kà á. Nínú gbogbo àwọn tó wá gúnlẹ̀ láàárọ̀ yẹn, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó kà á sí ọkọ. Ọwọ́ wọn wà lára ọkọ̀, omi wà lábẹ́ wọn, ahọ́n wọn sì mọ àmì tó yẹ. Ibi tí wọ́n jókòó sí ní ilé wọn, tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé àga, ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti gbọ́ Yorùbá.

Kò pẹ́ tí àwọn atukọ̀ fúnra wọn fi ní kí Bọ̀dá Kúnlé dá wa padà. Wọ́n tún ìbò dì, a sì wọlé. Òfin wà lókè gúrúùpù báyìí: ẹni tó bá kígbe, ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn. Mo di ádímìn. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà ti ń tukọ̀ tirẹ̀, ó sì máa ń bá wọn jiyàn lórí ẹ́ńjìnnì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tí a jẹ nìyẹn. Mi ò ní í pè é ní kékeré.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Ṣadé ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti tà á kí wọ́n tó tún ìbò dì. Ọkùnrin kan nínú Ọmọ Ojú Omi ló rà á, ó fi àwòrán rẹ̀ hàn, wọ́n sì da ọkàn pupa àti àtẹ́wọ́ bò ó: “Ọ̀gá atukọ̀! Omi á gbè ọ́!” Wọn ò pe ẹni tó tù ú fún ìgbà pípẹ́ ní ọ̀gá rí, àfi èrò.

Mo lọ bá a nílé. Mo ní, “Àǹtí, a ti borí o. Ẹ padà wá sí gúrúùpù.”

Ó bu omi fún mi. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ jà fún mi. Inú mi dùn sí i. Ta ló ní kí n má bínú?”

“Báwo?”

“Nínú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ta ló ti sọ pé òun rẹ́rìn-ín, pé kò yẹ kí òun rẹ́rìn-ín? Bí ẹnì kan bá ti fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ wá pè mí.”

Mo bi Bọ̀dá Kúnlé. Ó ní gbogbo ayé ló rẹ́rìn-ín, ta ni kó wá tọrọ àforíjì? Mo wá kọ ìbéèrè Àǹtí Ṣadé sójú gúrúùpù, mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má lè ṣì í kà. Wọ́n ti kà á. Mo rí orúkọ wọn, mo rí i pé wọ́n kà á. Ní ọjọ́ yẹn, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ ewé omi, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ epo, wọ́n dá obìnrin tuntun kan tó béèrè ọ̀nà lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìbéèrè yẹn ṣì wà níbẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó dá a lóhùn.