Nígbà tí Ẹ̀rọ Ìyá Ìdòwú Dákẹ́

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi rán mi jáde ní ọ́fíìsì ni pé kí n lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyá kan ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ìyá náà ló ń bà mí lẹ́rù, torí mi ò tíì mọ̀ wọ́n rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, wọn ò sì tíì sọ fún mi bóyá wọ́n máa gbà mí pátápátá. Irú èèyàn tí mo jẹ́ sì rèé: tí ọ̀gá bá kí mi láìrẹ́rìn-ín, gbogbo ọjọ́ ni màá fi máa ro ohun tí mo ṣe.

Àgídìngbì ni ọ́fíìsì wa wà. À ń kọ ètò tí ẹ̀rọ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí màmá mi bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an, mo ní, "Ẹ̀rọ tó wà ní ilé iṣẹ́ á máa sọ iṣẹ́ tó ti ṣe fún kọ̀ǹpútà ọ̀gá. Àwa là ń bá a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ."

Wọ́n ní, "Olófòófó ni yín nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ ló ń kọ́ mi níṣẹ́, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kó yé mi pé ọ̀rọ̀ kì í rìn lódidi lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wẹ́wẹ́ là ń gé e, àdírẹ́sì wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun ti gbà á. "Tí o ò bá gbọ́ èsì," wọ́n ní, "má sọ pé ó débẹ̀, má sì sọ pé kò débẹ̀. O ò tíì mọ̀ ni."

Oníbàárà wa kan ń ṣe ọṣẹ ní Ìlúpéjú. Àwọn obìnrin ló ń darí àwọn ẹ̀rọ tó ń di ọṣẹ sínú páálí níbẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà máníjà, ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ á ní àmì aláwọ̀ ewé. Èyí tí kọ̀ǹpútà ò bá gbúròó rẹ̀, àmì tirẹ̀ á pupa, ètò wa á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Kí n tó dé ọ́fíìsì wa ni wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀sán ni àmì ẹ̀rọ Ìyá Ìdòwú, ìyá tí wọ́n ní kí n lọ wò, máa ń pupa.

Nígbà tí mo dé Ìlúpéjú, máníjà sọ fún mi pé, "Bá mi wò ó bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Tí kò bá bàjẹ́, ìyá yìí á lọ sinmi nílé láti ọjọ́ Ẹtì. Aládùúrà ni wọ́n. Bí kò bá jẹ́ oorun, àdúrà ni."

Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Ìdòwú. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé ìwọ ni wọ́n rán wá wo oorun mi?"

Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ gbogbo bó ṣe rí lára mi fún wọn, pé mi ò bá wọn wá ibi, ṣùgbọ́n mo kàn ní, "Mo fẹ́ wo ẹ̀rọ yín ni, mà."

"Wò ó dáadáa. Àárọ̀ ni mo máa ń gbàdúrà mi."

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi. Àmì náà tutù bí ewé. Ọṣẹ ń jáde, Ìyá Ìdòwú sì ń to páálí wọn síwájú ẹ̀rọ, ọ̀kan lórí èkejì. Sìkírátù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì, pariwo pé, "Ìyá Ìdòwú, ilé yín ti ga o! Ìgbà wo lẹ máa kan òrùlé?"

"Ìwọ ṣáà parí ahéré tìẹ ná!"

Sìkírátù ló ṣàlàyé fún mi. Láyé àtijọ́, máníjà máa ń rìn yíká ní ìrọ̀lẹ́ láti wo páálí tí kálukú tò kí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ilé ni wọ́n ń pè é, oníkálukú sì fẹ́ kí tòun ga jù. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé, máníjà kì í wá mọ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà ò jáwọ́ nínú kíkọ́ ilé wọn.

Bí ilé Ìyá Ìdòwú ṣe ga kọjá orí mi ni àmì pupa. Mo gbójú sókè: ẹ̀rọ ń hó, ọṣẹ ń jáde. Mo tún wo kọ̀ǹpútà: kò ṣiṣẹ́.

Ara ẹ̀rọ ni wọ́n lẹ àpótí kékeré tó ń fọhùn mọ́, níwọ̀n orí èèyàn. Èyí tó ń gbọ́ ọ wà lára ògiri òdìkejì. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín méjèèjì, ọṣẹ tí kò tíì gbẹ sì lómi nínú, omi a sì máa gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ mì. Èmi àti Sìkírátù sún díẹ̀ nínú páálí náà kúrò. Àmì tún di aláwọ̀ ewé.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ìdùnnú ni tàbí ìtìjú. Bí ìyá yìí bá ṣe ṣiṣẹ́ tó ni ètò wa ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ tó.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ lórí fóònù, mo ròyìn ohun tí mo rí fún wọn. "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá bínú pé àwọn ò ṣe pẹ̀lú wa mọ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá torí ẹ̀ lé mi ńkọ́?"

"Ìyá yẹn ńkọ́?"

Mo bojú wo Ìyá Ìdòwú níbi tí wọ́n ti ń to páálí.

"Lọ bá máníjà. Mò ń bọ̀ lọ́nà."

Máníjà fajú ro. "Ṣé irọ́ ni kọ̀ǹpútà yìí ń pa ni?"

"Ó ń sọ ohun tí kò mọ̀ ni, sà." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká lọ síbẹ̀."

Nígbà tá a wọlé, gbogbo àwọn obìnrin náà yíjú sí wa. Máníjà dúró níwájú ilé páálí náà, wọ́n yọjú wo àpótí kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ìyá Ìdòwú, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

Sìkírátù fi ìborùn bo ẹnu.

Wọn ò dá Ìyá Ìdòwú dúró. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ gbé gbogbo àpótí náà lọ sókè, níbi tí páálí ò lè dé. Mo tún ètò náà kọ kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí á fi gbọ́ èsì. Níbi tí a ti ń kọ ọ́ pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, mo fi "a ò tíì gbúròó rẹ̀" síbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí iṣẹ́ mìíràn tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tá a parí rẹ̀, Ìyá Ìdòwú yọjú sí kọ̀ǹpútà mi.

"Ṣé ó ti ń rí mi báyìí?"

"Ó ń rí yín, mà."

"Kó máa wò mí nígbà náà," wọ́n ní. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì gbé páálí kan sí i lé orí ilé wọn.