Léèsì Tí Àǹtí Mi Wọ̀ Lọ Sọ̀rọ̀ Òṣì

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo ayé, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Itamaga, ní Ìkòròdú, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bàtà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni kí wọ́n máa ronú nípa òṣì. Wọn kì í fún òtòṣì ní nǹkan o! Wọ́n á ṣèwádìí, wọ́n á jókòó, wọ́n á jiyàn, wọ́n á wá gba ìjọba nímọ̀ràn. Olóṣèlú kan ló dá a sílẹ̀, àna rẹ̀ ló sì fi ṣe ọ̀gá wa. Gbogbo wa la mọ̀. Ta ni kò ní àna? Èmi ni mo máa ń gba àlejò, tí mo máa ń po tíì. Mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mi ò sì kórìíra rẹ̀. Mo kàn ń lọ, mo ń bọ̀ ni jàre.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní ìpàdé ńlá tí a fẹ́ ṣe ò ní dùn bí kò bá sí òtòṣì gidi tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹnì kan. Àbúrò ìyá mi wà ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà. Ọkọ rẹ̀ ń pẹja, òun ń yan án tà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ti dé iwájú ilé wọn. Omi ti di ẹrẹ̀, àwọ̀n ń ya, ẹja ti sá lọ. Ohun kan ṣoṣo ni Àǹtí ń fẹ́: kí ẹnì kan tó lẹ́nu bá wọn sọ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ kó gbé e kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ti ìpàdé náà fún un, ẹkún ayọ̀ ló bú sí.

"Alihamudulilai! Ọ̀rọ̀ wa máa dé etí àwọn tó tó gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo lọ pàdé rẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú.

"Yéè! Àǹtí, ẹ mà rẹwà o."

Léèsì tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ló wọ̀. Ó fi ìborùn funfun lé e, ó yá bàtà lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tó fẹ́ lọ sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún àgbà kì í wọ àkísà lọ, àrífín ni. Bí ìyà ń jẹ ọ́ dé egungun, wàá wẹ̀, wàá kun àtíkè, wàá wọ èyí tó dáa jù kí o tó lọ kúnlẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ọ̀gá rí i lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo ní òun ni ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Òtòṣì wo nìyí? Àwọn oníròyìn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ní aṣọ míì ni?"

Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Àǹtí kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Aṣọ tí mo ní nílé ò dáa tó èyí tí mo lè fi wá rí yín ni."

"Ẹ lọ jókòó, màmá. A máa pè yín."

Wọn ò pè é. Iwájú ló jókòó sí, ó káwọ́ lé itan, àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ òyìnbó lórí òṣì. Lọ́sàn-án, olóṣèlú tó dá ọ́fíìsì sílẹ̀ wọlé, gbogbo wa dìde. Àǹtí náà dìde, ó di apá mi mú.

"Ọkùnrin tó máa ń wá wo ẹ̀rọ nìyẹn. Òun ló ni ín."

"Ó dá yín lójú?"

"Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

Ó jókòó padà. Mo rò pé inú máa bí mi. Kò bí mi. Ọkàn mi kàn kú. Mo lọ gbé mítípáì àti mínírà wá fún un, ó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn. Nígbà tí mo sìn ín padà sí gáréèjì, ó ní, "Ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ pè lẹ́jọ́ ni mo gbé ẹjọ́ lọ yìí?" Mọ́tò Ẹ̀pẹ́ kún, ó sì lọ.

Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ẹja ti tán pátápátá. Ọkọ Àǹtí gba ṣọ́bìrì, ó ń bá wọn kó yanrìn sínú típà. A tún ṣe ìpàdé náà. Mo ń pín omi nígbà tí ọ̀gá gbé àwòrán ńlá kan sára ògiri: ọkùnrin kan pẹ̀lú ṣọ́bìrì, òógùn bo ojú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí a wo ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ òṣì, pé iṣẹ́ ti dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkọ Àǹtí mi ni. Mo ń pín omi lọ. Síngílẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ ti ya láti èjìká dé ìhà, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá kò ní aṣọ míì.