Ìwé Àwọn Àlejò

Ara Àmátúlláhì kò balẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlọ́fà. Òun ló kó àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé wá láti ìlú òkèèrè jọ láti máa kọ ìwé kan ṣoṣo lọ́dún 1997. Ẹnì kan á kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lẹ́yìn odi, á fi rán ọlọ́kadà sí ẹnì kejì. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ fèsì kó tó kọ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ìwé kò padà. Àbí wọ́n ti sè é jẹ ni?

Ó gun ọ̀kadà lọ bá Tolúlọpẹ́, olùkọ́ kan ní Obbo-Aiyegúnlẹ̀ tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ìyá onílé mi ló gbà á kà," ni Tolúlọpẹ́ wí, kò lè wò ó lójú.

Àmátúlláhì rántí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ará ibí a máa wádìí ẹni bí ọlọ́pàá: kí lo jẹ, ibo lo lọ?

Ìyá náà jáde, ó na ìwé sí i. "Ẹ ní kí ẹni tó bá kà á fèsì. Mo ti fèsì."

Àmátúlláhì ṣí i lórí ìdúró. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni:

"Ọmọ mi wà ní Kàdúná, ọdún kẹrin rèé. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń bi í léèrè ohun tó jẹ."