Orúkọ Bùrọ̀dá Mi Tí Bàlúù Gbé Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi létí díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mi ò lè pa mọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bùrọ̀dá Múfú, wà nínú bàlúù kan tó já sínú òkun. A ò rí òkú ẹ̀. Kò sí sàréè tá a lè dúró tì ká ṣàdúà. Màmá wa ò sì dárúkọ ẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n á dìde kúrò níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ibi iṣẹ́ rán mi lọ sí Japan láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ọsibítù ṣe. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, olùkọ́ wa mú mi lọ sí ojúbọ àwọn ẹlẹ́sìn Ṣíńtò, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún? Bàlúù, àti àwọn tó bá bàlúù lọ! Bàbá arúgbó kan dúró síwájú fọ́tò, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo bi olùkọ́ mi pé kí ni wọ́n ń sọ. Ó ní ọmọ wọn ló wà nínú fọ́tò yẹn, wọ́n ń ròyìn ilé fún un.

Mùsùlùmí ni mí, mi ò bá wọn jọ́sìn. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ka Fátíhà fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbì kan n'Íbàdàn.

Mo padà sílé wa ní Bẹẹrẹ, mo sọ ohun tí mo rí ní ojúbọ yẹn àti ohun tí mo fẹ́ ṣe fún àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí agbo ilé.

Wọ́n ní, "Ojúbọ kẹ̀? Nínú agbo ilé àlùfáà?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní ká bọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣe omi ẹ̀rọ fún àdúgbò, kí n kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Sàráà ni."

Wọ́n ní àwọn á rò ó. Mo padà lọ bá wọn, mo tún padà lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí n fi òkú sílẹ̀ kó sùn. Mi ò gbà. Nígbà tó yá, Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má fi ẹ̀bẹ̀ pa àwọn, kí n lọ ṣe é.

Lọ́jọ́ tí omi jáde, Màmá ò kúrò nínú yàrá. Mi ò fipá mú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Obìnrin aládùúgbò kan ń pọn omi, ó bi mí pé ta ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Kí n tó dáhùn, Màmá ti gbà á lẹ́nu mi.

"Múfútàù ni. Ọmọ mi ni. Bó ṣe ga tó un, ẹ̀rù adìyẹ máa ń bà á."

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì kún, omi ń dà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa ẹ̀rọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí a ò bá rí òkú sin, ẹ jẹ́ ká wá ibi tá a ó ti máa dárúkọ ẹni wa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ni ẹ ò dárúkọ ẹ̀ mọ́ nílé yín? Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ síbí, ká jọ ṣàdúà fún un.